Ẹni Tó Ń Bó Ẹ̀gúsí Kì Í Fèsì

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, orúkọ mi yí padà. Bó ṣe máa ń rí ní agboolé ọkọ mi ní Bẹẹrẹ nìyẹn. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti sọ ọmọ lórúkọ ni gbogbo ilé á ti máa fi orúkọ ọmọ náà pe ìyá rẹ̀, láti orí baálé dórí ọmọdé tó ń pọnmi. Ó lé lọ́dún mẹ́ta tí wọ́n fi ń pè mí bẹ́ẹ̀, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá ń dáhùn. Mi ò ní kọ orúkọ náà síbí, mi ò sì ní kọ ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn, torí púpọ̀ nínú wọn ti lọ, mi ò sì lè tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn mọ́.

Káfíńtà ni ọkọ mi. Ìsọ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ọ̀nà tó gòkè lọ sí Mápó, níbi tó ti ń kan bẹ́ẹ̀dì àti àga. Èmi ń ta òwú ìránṣọ àti bọ́tìnnì l'Ọ́jà'ba. Láàárọ̀, èmi àti ọmọ jọ máa ń yà ní ìsọ̀ bàbá rẹ̀, mo sì máa ń fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kí n lè ráyè pàtẹ. Tí bàbá bá ń fá pákó, ọmọ á máa ṣa àwọn èyí tó ká bí òrùka, á kó wọn sọ́rùn ọwọ́, á ní ẹ̀gbà òun ni. Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tó bá wà pẹ̀lú ọmọ yẹn, mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ látòkèèrè, tí wọ́n á jọ máa tàkúrọ̀sọ bí ọ̀rẹ́ méjì.

Nígbà ọyẹ́ ọdún kan, nígbà tí a ò tíì gba òmìnira, èéyi wọ àdúgbò wa. Ó mú ọmọ wa pẹ̀lú. Nígbà tí ara rẹ̀ gbóná gan-an, ọkọ mi ní òun fẹ́ gbé e lọ sí ọsibítù. Ìyá rẹ̀ ní rárá. Àwọn àgbà ìgbà náà gbà pé èéyi ò fẹ́ abẹ́rẹ́, pé tí wọ́n bá gún ọmọ tó ń ṣe èéyi lábẹ́rẹ́, àrùn náà á sá wọnú lọ, á sì pa á. Wọ́n ní ká máa fi ẹmu pa á lára, ká má sì jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Ọkọ mi dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn náà ó gbọ́ ti ìyá rẹ̀. Ọmọ náà kú ní ìdájí ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n sì sin ín kí oòrùn tó mú.

Àwọn èèyàn wá kí wa. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ohun tí gbogbo wọn ń sọ nìyẹn. Mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀: ọmọ lọ, ìyá kù, ìyá á tún bí òmíràn. Ọ̀rọ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lásọtúnsọ, ó wá ń ṣe mí bíi pé omi tó dànù yẹn ò já mọ́ nǹkan kan lójú wọn. Wọ́n ní kí n má sunkún púpọ̀, kí n má bàa dí ọ̀nà mọ́ èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò sì pẹ́ rárá tí orúkọ mi fi tún yí padà. Mo di "ìyàwó" bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ọmọ náà nínú ilé, bí ẹni pé a ò bí i rí.

Lọ́jọ́ tí a sin ọmọ yẹn, mo jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀, mo sì bá ọkọ mi níbi tó jókòó sí. Ó ń jẹ ẹ̀kọ. Ó ń bu ú díẹ̀díẹ̀, ó ń fi àkàrà sìn ín lọ́nà ọ̀fun, ó sì jẹ ẹ́ tán. Omi lásán ò lè kọjá lọ́nà ọ̀fun tèmi lọ́jọ́ náà. Mo padà sínú yàrá, ẹ̀kọ yẹn ò sì kúrò lójú mi mọ́. Tí mo bá ń pàtẹ, mo rí i. Tí mo bá ń kírun, mo rí i.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe tán láàárín èmi àti ọkọ mi nìyẹn. Á jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, á wọlé lẹ́yìn ìrun alẹ́. Mo máa ń gbé oúnjẹ fún un, á jẹ ẹ́, á sì fọ ọwọ́. "Ẹ káàbọ̀." "Hùn." Kò nà mí, kò bú mi, kò sì wo ojú mi. Baálé pè wá, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ kí n bẹ ọkọ mi, wọ́n sì ní kí ọkọ mi máa fi sùúrù bá mi gbé. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí nǹkan kan. A dìde, kálukú sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Mo wá pinnu pé mo máa lọ sí kọ́ọ̀tù. Obìnrin Ìbàdàn ò bẹ̀rù kọ́ọ̀tù Mápó nígbà náà. Tí ọkọ bá sú obìnrin, á gòkè lọ sọ ọ́ níbẹ̀. Mo kọ́kọ́ lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ránṣọ ní Mọ́lété. Wọn ò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì.

"Ṣé ó nà ọ́ ni?"

"Rárá."

"Ṣé ó ti rí obìnrin mìíràn ni?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n jẹ ẹ̀kọ ni."

Ẹ̀gbọ́n mi dá máṣíìnì dúró. Mo rò pé wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n mú gèlè wọn lórí àga. "Dìde. Kọ́ọ̀tù ò ní sá lọ. A fẹ́ kọ́kọ́ ya ibì kan ní Ìdí Àrẹ̀rẹ̀."

Ilé tí a lọ jẹ́ ilé alámọ̀ tó páànù rẹ̀ ti dípẹtà, bí gbogbo ilé àdúgbò náà. Màmá àgbàlagbà kan jókòó lórí ẹní ní ọ̀ọ̀dẹ̀, atẹ́ ẹ̀gúsí wà níwájú wọn. Iṣẹ́ wọn nìyẹn: wọ́n ń bó ẹ̀gúsí fún àwọn tó ń tà á lọ́jà. Ọkọ wọn ti kú tipẹ́. Wọn ò ga, ojú wọn kan ò ríran dáadáa mọ́, ohùn wọn sì lọ sílẹ̀ débi pé èèyàn ní láti sún mọ́ wọn kó tó gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kí wọn, wọ́n ní, "Àbúrò mi rèé, Màmá," wọ́n sì padà síbi iṣẹ́ ìránṣọ wọn.

Màmá bu ẹ̀gúsí sínú abọ́ fún mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. A bó ẹ̀gúsí pẹ́ títí ọwọ́ mi fi rọ̀. Ìgbà náà ni wọ́n ní, "Ta lo sọ nù?"

"Ọmọ mi, Màmá."

Mo dúró kí wọ́n sọ ti omi àti agbè. Wọn ò sọ ọ́. Wọ́n ní, "Kí lorúkọ rẹ̀?"

Mo dárúkọ rẹ̀. Ohùn mi ṣàjèjì sí mi létí. Màmá náà pe orúkọ ọmọ náà bí èèyàn ṣe ń pe orúkọ ọmọ tó wà láyé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ ṣeré. "Kí ló fẹ́ràn láti jẹ?"

"Àádùn. Tó bá jẹ ẹ́, á fi epo ọwọ́ rẹ̀ nu ara gbogbo èèyàn."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni ẹkún gbé mi. Mi ò tíì sunkún bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó kú. Màmá ò ní kí n dákẹ́. Wọ́n kàn fa atẹ́ sẹ́yìn díẹ̀ kí omijé mi má bàa rin ẹ̀gúsí, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Nígbà tí mo ṣe tán, wọ́n ní, "Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun alásárì, màá wà nílé."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ nìyẹn. Wọn ò fún mi lóògùn, wọn ò sì dá ẹjọ́ kankan. Mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ fún wọn, mo sì sọ ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀tù.

"Mi ò ní kó o má lọ," ni wọ́n sọ. "Kọ́ọ̀tù wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ sì lo máa fi rìn. Ṣùgbọ́n ohun méjì ló wà lọ́rùn rẹ. Ikú ṣe tirẹ̀, ọkọ rẹ náà ṣe tirẹ̀. Jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀ ná, kó o má bàa kọ ọkọ rẹ nítorí ohun tí ikú ṣe."

Mo ní ọkọ mi ò lè wá, pé kì í fẹ́ wá síbi tí wọ́n bá ti ń dá ẹjọ́.

"Ta ló sọ̀rọ̀ ẹjọ́?" ni Màmá wí. "Ìlẹ̀kùn yàrá mi ń ha ilẹ̀. Ṣé kì í ṣe káfíńtà ni?"

Wọ́n ránṣẹ́ pè é, ó sì kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ sọ fún mi bó ṣe rí. Kó tó gbé òòlù jáde ni Màmá ti sọ fún un pé, "Ìyàwó rẹ máa ń wá síbí. Mo sọ fún ọ kó o má bàa rò pé mo dẹ pàkúté sílẹ̀ dè ọ́. Ìlẹ̀kùn ni mo pè ọ́ sí, ìlẹ̀kùn náà sì bàjẹ́ lóòótọ́. Tó o bá fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ń gbọ́. Tí o ò bá fẹ́, ṣe iṣẹ́ rẹ." Ó tú ìlẹ̀kùn sílẹ̀, ó fá ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó gbé e padà, ó sì lọ. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ ọjọ́, ó tún padà lọ wò ó bóyá ó ṣì ń ha ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é. Nígbà tó tún lọ lẹ́yìn ìyẹn, kò gbé irinṣẹ́ kankan dání. Ó jókòó.

Nígbà tó yá, Màmá ní kí àwa méjèèjì jọ wá. A jókòó lórí ẹní, èmi lápá ọ̀tún wọn, òun lápá òsì. Wọ́n gbé abọ́ ẹ̀gúsí lé ọkọ mi lẹ́sẹ̀.

"Bí a ṣe ń ṣe é níbí nìyí," ni wọ́n sọ. "Ẹnì kan á sọ̀rọ̀, ẹnì kejì á máa bó ẹ̀gúsí. Ẹni tó ń bó ẹ̀gúsí kì í fèsì. Tí ẹni àkọ́kọ́ bá sọ tán, ẹni tó ń bó ẹ̀gúsí á sọ ohun tó gbọ́ fún mi. Kì í ṣe èsì rẹ̀ ni mo fẹ́ o. Ohun tó gbọ́ ni. Ẹ̀yìn ìyẹn la máa gbé abọ́ fún ẹnì kejì."

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ. Mo sọ bí ọkọ mi ṣe ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, bí mo ṣe ń dá sunkún sábẹ́ aṣọ ìbora. Ọkọ mi ń bó ẹ̀gúsí, ó ń fọ́ ọ. Nígbà tí mo ṣe tán, Màmá ní, "Kí lo gbọ́?"

"Ó ní mo jẹun."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣì kù."

"Ó ní mi ò fẹ́ràn ọmọ mi."

"Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó, tún un sọ fún un."

Mo tún un sọ, díẹ̀díẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, torí ìwọ̀nba ló ṣẹ́ kù tí mo lè sọ láìsunkún. Ọkọ mi gbé ọwọ́ kúrò nínú abọ́. Ó ní, "Ó ní ó dà bíi pé òun nìkan ni ọmọ kú fún."

Màmá yíjú sí mi. "Ṣé ohun tó o sọ nìyẹn?"

"Òun ni, Màmá." Ó yà mí lẹ́nu pé ó gbọ́ ọ.

"Ó dáa. Gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo gba abọ́. Ọkọ mi ní òun ò rántí ẹ̀kọ kankan. Ó ní ẹnì kan fi nǹkan sí òun lọ́wọ́ ní ọjọ́ yẹn pé kí òun jẹ ẹ́, òun ò mọ ohun tó jẹ́, òun ò sì mọ̀ bóyá òun jẹ ẹ́ tán. Ó wá ń wo ilẹ̀.

"Mo ti wọ bàtà. Lọ́jọ́ tí mo ní ká lọ sí ọsibítù, mo ti wọ bàtà, ó ku kí n gbé e. Ìyá mi ní rárá, mo bá bọ́ bàtà. Èmi ni bàbá ọmọ, mo sì bọ́ bàtà. Tí mo bá ti wo ojú rẹ, bàtà yẹn ni mo máa ń rí. Mo mọ̀ pé ìwọ náà ń rí i. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè wò ọ́."

"Ìyàwó," ni Màmá wí, "kí lo gbọ́?"

"Wọ́n ní wọ́n ti wọ bàtà..." Mo wo Màmá bóyá wọ́n á gbà mí sílẹ̀. Wọn ò gbà mí sílẹ̀.

"Parí rẹ̀."

"Wọ́n ní tí wọ́n bá ti wò mí, wọ́n rò pé mò ń dá wọn lẹ́bi nítorí bàtà tí wọ́n bọ́."

"Ṣé o dá a lẹ́bi?"

"Mi ò rí bàtà kankan, Màmá. Ẹ̀kọ ni mò ń rí."

Nǹkan kan jáde lẹ́nu ọkọ mi tí mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Lẹ́yìn náà, ó wá di ẹkún. Ó sì pe orúkọ ọmọ wa. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti sin ín. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó bi Màmá pé, "Tó bá jẹ́ pé mo gbé e lọ ńkọ́, Màmá?"

"Mi ò mọ̀," ni wọ́n sọ. "Ó lè yè. Ó sì lè kú sí ọ̀nà. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé o wọ bàtà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ọmọ ò ká lára kì í wọ bàtà."

A jọ fẹsẹ̀ rìn gba Ọjà'ba padà sílé ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Tẹ́lẹ̀, ọkọ mi máa ń ṣáájú, èmi á sì máa tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ mi ló rìn sí. A ń jiyàn nípa èyí tó kọ́kọ́ hù nínú eyín ọmọ náà, òkè ni tàbí ìsàlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbà fún ẹnì kejì títí a fi délé.

Mi ò ní sọ pé gbogbo rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan. Àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà tí ọkọ mi tún máa ń dákẹ́, tí èmi náà á fi ìbínú gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n a mọ ibi tí a lè lọ, ìyẹn nìkan sì ti tó láti mú ká fara dà á di Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, mo bá ara mi níbi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ oníbàárà kan nínú ọjà. Mo sì jẹ́ kí ẹ̀rín náà wá.

Ìyá ọkọ mi ń wò wá ní gbogbo àkókò yìí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ò kàn wọ́n. Lọ́jọ́ kan tí mò ń fọṣọ, wọ́n wá dúró tì mí, wọ́n ń lọ́ tìkọ̀ bí ẹni tó fẹ́ yá nǹkan.

"Ìyàwó, ìyá tí ẹ máa ń lọ bá ní Ìdí Àrẹ̀rẹ̀ yẹn, ṣé ó máa ń gba àgbàlagbà?"

"Wọ́n máa ń gbà á, màámi. Ṣé kí n mú yín lọ ni?"

"Rárá. Júwe ọ̀nà fún mi."

Wọ́n lọ, wọ́n tún lọ. Wọn ò sọ fún mi ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, Màmá náà ò sì jẹ́ sọ ọ́ láéláé, bí mo tilẹ̀ fi ọgbọ́n bi wọ́n. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mò ń gbálẹ̀, ìyá ọkọ mi jáde sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì fi orúkọ ọmọ mi pè mí, ketekete, kí gbogbo agboolé lè gbọ́. Mo dáhùn. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbé e fún mi, wọ́n ní kí n má gbàgbé ẹ̀yìn ilé. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn kan nínú ilé ti tún ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún tí a gba òmìnira, mo bí ọmọkùnrin kan. Kò tíì rìn nígbà tí ara rẹ̀ gbóná lọ́jọ́ kan tí mo wà lọ́jà, tí ọkọ mi sì wà ní ìsọ̀. Ìyá ọkọ mi ò ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n pọ̀n ọ́n, ó di ọsibítù. Àwọn aládùúgbò ló wá sọ fún mi pé àwọn rí màámi tí wọ́n ń sáré lọ, pé wọn ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti ń bá nọ́ọ̀sì jà pé kó má gún ọmọ tó wà lẹ́yìn àwọn lábẹ́rẹ́ kó tó kan tàwọn. Ibà ni. Ara ọmọ náà sì yá.

Mo ṣì máa ń lọ sí Ìdí Àrẹ̀rẹ̀, bí ọmọ tó ń lọ kí ìyá rẹ̀. Mo máa ń bá àwọn ẹlòmíràn níbẹ̀: dírẹ́bà kan tó bọ́ lọ́wọ́ ikú nínú ìjàǹbá mọ́tò tí kò sì lè sùn mọ́, tọkọtìyàwó kan láti Bẹyẹrunkà tó jẹ́ pé ariwo wọn ni èèyàn máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Lọ́jọ́ kan tó ku èmi àti Màmá nìkan, mo bi wọ́n léèrè ẹni tó ń gbọ́ tiwọn.

"Orogún mi," ni wọ́n sọ. "Lẹ́yìn ìrun àsùbá, àwa méjèèjì máa ń jókòó. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ yín ni mò ń sọ o. Tèmi ni. Ẹni tó bá ń gbọ́ ti gbogbo ayé, tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́ tirẹ̀, á bẹ́ lọ́jọ́ kan."

Màmá kú ní ọdún tó ṣáájú ìgbà tí àwọn sójà gbàjọba. Oorun ni wọ́n sùn tí wọn ò jí. Nígbà tí èrò dínkù, mo lọ kí orogún wọn. Ìyá arúgbó náà jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ kan náà, wọ́n na ẹsẹ̀, wọn ò ṣe nǹkan kan. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Wọ́n ní, "Ọdún púpọ̀ la fi jà, èmi àti òun. Ọkọ wa kú tán ká tó mọ̀ pé a fẹ́ràn ara wa. O ò lè gbà á gbọ́ bí mo bá sọ ohun tí a ṣe sí ara wa."

"Màá gbà á gbọ́, Màmá."

Wọ́n wo ọ̀nà, wọ́n wò mí. "Ṣé o ń kánjú?"

Mo ní mi ò kánjú. Wọ́n sún lórí ẹní, mo jókòó tì wọ́n, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n gbé wọn wọ ilé náà ní ìyàwó, nígbà tí Màmá, tó jẹ́ ìyálé wọn, jáde wá pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, tó sì kọ̀ láti bu omi sí wọn lẹ́sẹ̀.